Ihò Mẹ́ta Lára Àgbá Omi

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n pa ọkọ mi, ṣùgbọ́n Ọjọ́rú ló tó kú. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn, àwọn tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà a sì máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Orí mi pé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ sì dá mi lẹ́bi níbi tó bá yẹ.

Hester lorúkọ mi. Awakùsà ni bàbá mi. Ilẹ̀ ya lù ú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, láti ìgbà náà sì ni èmi àti ìyá mi ti ń fọ aṣọ fún ilé ọtí tó wà ní Yarrakin, ìlú kékeré kan lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ojú irin rélùwéè ló pín Yarrakin sí méjì. Ilé ọtí, ṣọ́ọ̀bù, àgọ́ ọlọ́pàá àti ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá kan. Mọ́sálásí páànù, igi déètì mẹ́rin, àti àwọn oníràkúnmí tó ti Kandahar àti Peshawar lókè òkun wá, wà lápá kejì. Aṣọ ni mò ń sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lọ́jọ́ tí Zarif kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Ọmọge, ràkúnmí mi ti jẹ aṣọ ìbora yín kan. Ṣé kí n ra òmíràn ni, àbí kí n kúkú fẹ́ ọ?"

Mo ní kó ra òmíràn. Ó rà á, ó sì tún padà wá.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ ẹ ni àwọn obìnrin apá ọ̀hún jáwọ́ nínú kíkí mi. Ìyá mi ní òun kò bí mi mọ́. N kò bínú sí wọn nígbà náà. Ọkọ mi máa ń gba ẹ̀wù rẹ̀ lọ́wọ́ mi, á lọ fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀, á ní, "Hester, o ti fọ tàwọn ẹlòmíràn tó." Obìnrin tó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílé, kí ló fẹ́ fi ìkíni ṣe?

Kí àwọn ràkúnmí tó dé, Amos Kettley ni ọba ojú ọ̀nà. Màlúù méjìdínlógún ló ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù rẹ̀. Bó bá ń ti àríwá bọ̀ pẹ̀lú irun àgùntàn, a máa ń gbọ́ pàṣán rẹ̀ kí a tó rí eruku rẹ̀, ẹni tó ni ilé ọtí á sì ti gbé ẹran kaná dè é. Òun àti Zarif a máa bú ara wọn ṣeré nígbà yẹn.

"Zarif, ẹran wo rèé tó ń wo èèyàn bí ìyá ìyàwó?"

"Ìyá ìyàwó tìẹ ni, Amos. Ó ń bi mí ìgbà tí wàá wá kí òun."

Ṣùgbọ́n ọ̀dá dé, ó sì lo ọdún mẹ́rin gbáko. Koríko tán lójú ọ̀nà, kànga gbẹ, màlúù kò sì lè rìn láìjẹ láìmu. Ràkúnmí lè ṣe é. Ni àwọn olóko àgùntàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣẹ́ pe Zarif àti Shahbaz, àbúrò rẹ̀. Oko Merrindale ló kọ́kọ́ fi Amos sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà, kò bá Zarif ṣeré mọ́.

Oṣù January ni, nígbà tí páànù òrùlé ń dún pà-pà nínú oòrùn. Shahbaz ti kó ọ̀wọ́ ràkúnmí kan lọ sí gúúsù. Zarif di fúláwà, tíì, ṣúgà àti wáyà ọgbà lé ràkúnmí méjìlá, ó ń lọ sí Merrindale. Àgbá omi onígi ńlá méjì àti kékeré kan, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ń mu, ló gbé dání. Ó fi wọ́n sílẹ̀ síta láàrin ẹrù, ó lọ kírun Jímọ̀.

Èmi ń sá aṣọ. Mo gbójú sókè, mo rí Amos Kettley láàrin àwọn ràkúnmí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù.

Mo kígbe pé, "Kí lò ń wá níbẹ̀?"

Ó dìde wàrà, ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Mò ń wo bí ràkúnmí ṣe ń rẹ́rìn-ín ni, ìyàwó oníràkúnmí. Wọ́n ní ẹ̀rín rẹ̀ jọ tìẹ."

"Kúrò níbẹ̀ kí ó tó tutọ́ sí ọ lójú."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń lọ. Mo rí ọ̀rá tó ń dán lára ṣòkòtò rẹ̀ níbi tó nu ọwọ́ sí. Mo rí i. Alágbàfọ̀ ni mí, kò sí àbàwọ́n tí ojú mi kì í rí. Mo kàn rò pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ẹran tán ni. Mo padà sídìí aṣọ mi. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ó sì wà lọ́rùn mi di òní.

Zarif jáde ní mọ́sálásí, ó ní kí n má gbàgbé láti bomi rin àwọn igi déètì, ó lọ.

Ní ọjọ́ kẹwàá, mẹ́jọ nínú ràkúnmí méjìlá náà fẹsẹ̀ ara wọn rìn wálé láìsí ẹrù lẹ́yìn wọn.

Obìnrin kan ló wá sọ ìyókù fún mi. Ọmọ onílẹ̀ ni, ara àwọn tó ni ilẹ̀ náà kí àwa òyìnbó tó dé, àwa sì ń pè é ní Polly. Ó ní orúkọ tirẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló rí Zarif lábẹ́ igi kan, ní nǹkan bí ọgọ́ta máìlì sí Yarrakin, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fi hàn wọ́n pé Ọjọ́rú ló kú.

Polly ní, "Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tò ó pa pọ̀ dáadáa. Ó ti tú ẹrù gbogbo kúrò lẹ́yìn àwọn ẹran kí ó tó jókòó." Ó tún ní, "Àwọn àgbá yín. Ihò wà lára wọn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nísàlẹ̀."

Nígbà tí Shahbaz dé, àwa méjèèjì la lọ gbé e wálé. Mo fọwọ́ kan àwọn ihò náà. Wọ́n rí kóróbójó, wọ́n mọ́ tónítóní, ọ̀rá àgùntàn sì ti gan mọ́ etí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Shahbaz rí àjàgà kan tó ti kán tí Amos jù sẹ́bàá ọ̀nà. Ó yọ èèkàn igi kan lára rẹ̀, ó kì í bọ inú ihò àgbá. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Irin tí Amos fi ń lu ihò sára àjàgà màlúù rẹ̀ ló fi lu ihò sára àgbá omi ọkọ mi. Ó fi ọ̀rá dí i kí omi má baà dà nílé, kí ó jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni oòrùn yóò ti yọ́ ọ̀rá náà, kí omi máa kán sínú iyanrìn ní ẹ̀kán ẹ̀kán, láìdún, títí Zarif yóò fi rìn jìnnà ju ibi tó ti lè padà. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Omi tí Zarif dà síwájú, iyanrìn ló mu ún.

Mo gbé àgbá kékeré lọ bá Ọlọ́pàá Pruitt, mo gbé e lé orí tábìlì rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ wò ó."

Ó wò ó. "Ṣé ẹ rí i nígbà tó ń lu ú?"

"Mo rí i láàrin àwọn ràkúnmí. Mo rí i tó nu ọ̀rá mọ́ ṣòkòtò."

"Ìyàwó Zarif, bí mo bá ti gbogbo ọkùnrin tó nu ọ̀rá mọ́ ṣòkòtò ní Yarrakin mọ́lé, ta ni yóò kù níta? Àgbá ẹ̀yin oníràkúnmí ti gbó jù. Kòkòrò ló jẹ ẹ́. Ẹ lọ sinmi."

"Kòkòrò wo ló ń jẹ àgbá mẹ́ta ní ojú kan náà, tó tún ń fi ọ̀rá dí i lẹ́yìn?"

Ó dìde, ó ṣílẹ̀kùn. "Ó dàbọ̀, ìyáàfin."

Iwájú ilé ọtí ni mo gbà padà, mo pọn àgbá náà bí ọmọ. Amos wà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọkùnrin bíi mẹ́jọ. Ó gbóhùn sókè kí n lè gbọ́.

"Ṣebí wọ́n ní ẹran wọn kì í mu omi! Ó jọ pé wọn ò sọ fún ẹni tó ń dà á pé òun gbọ́dọ̀ mu."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. N kò sunkún. Mo dúró, mo wo ojú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀rín náà fi tán, lẹ́yìn náà mo wo Amos.

Mo ní, "Rẹ́rìn-ín dáadáa. Jẹ́ kí ó tó ọ."

Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé. Ẹni tó kó o ni kò lè gbàgbé.

Mo gé ṣòkòtò Zarif kúrú, mo wọ̀ ọ́. Mo wé láwàní rẹ̀. Nígbà tí Shahbaz rí mi, ó bo ojú.

"Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́. Níbi tí mo ti wá, obìnrin kì í da ràkúnmí."

"Níbi tí èmi náà ti wá, ọkùnrin kì í pa èèyàn kó lọ jókòó mu ọtí. Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ẹrù."

Ó kọ́ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ràkúnmí kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tí inú ń bí i, àti ibi tí gàárì ti máa ń bó o lára. Mo tún kọ́ ohun kan tí Shahbaz kò kọ́ mi: màlúù kò lè gba òórùn ràkúnmí sára. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé e dé ihò imú rẹ̀, àyà rẹ̀ á já, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Ní odò gbígbẹ tó wà lókè Yarrakin la ti kọ́kọ́ pàdé Amos. Ó ń gòkè bọ̀ pẹ̀lú ìdì irun àgùntàn tó ga bí ilé. Mo tọ́ ìka lá, mo gbé e sókè, mo mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Mo wá mú ràkúnmí mẹ́rìnlá yí gba ibẹ̀ lọ, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń najú. Màlúù àkọ́kọ́ gbé orí sókè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni gbogbo wọn ya sápá kan lẹ́ẹ̀kan náà, kẹ̀kẹ́ dojú dé, irun àgùntàn sì ń yí gbiri gbiri lọ sínú eruku.

Amos ń ké pé, "Aṣẹ́wó! O mọ̀ ọ́n ṣe!"

Mo ní, "Ọ̀nà ọba ni, Amos. Gbogbo wa ló gbà."

Ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe é fún un láàárín ọdún kan. Nígbà tó yá, bó bá ti rí láwàní mi lọ́nà jíjìn, á ya kúrò lójú ọ̀nà sínú koríko ẹlẹ́gùn-ún, á fi ààbọ̀ ọjọ́ ṣòfò. Ẹrù rẹ̀ ń pẹ́ dé, ó sì ń dé pẹ̀lú ìdọ̀tí. N kò purọ́ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo kàn ń tètè dé ni. Oko kan fi í sílẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ̀san kì í dùn, kò tíì tọ́ ọ wò. Ó dùn bí oyin, ó sì ń gbẹni lọ́fun bí oyin náà. Bí mo bá ti mu ún tán, òǹgbẹ òmíràn á tún gbẹ mí.

Ní gbogbo àkókò yìí, àgbá kékeré náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ràkúnmí iwájú, lófìfo, pẹ̀lú ihò rẹ̀.

Shahbaz bi mí pé, "Kí la fẹ́ fi àgbá tó lu ṣe?"

Mo ní, "Ó ní ẹni tó ni ín."

January mìíràn dé. Amos gba ẹrù kan tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́: irin ẹ̀rọ ìfami fún Merrindale, tó wúwo bí òkú erin. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gbé e fún un. Ó ti jáde ní ọjọ́ mẹ́rin kí èmi àti Shahbaz tó gbéra sí ọ̀nà kan náà. Ní máìlì kejìdínlọ́gbọ̀n, ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀, a rí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Irin ìdí kẹ̀kẹ́ ti kán. Kànga tó gbẹ́kẹ̀ lé níbẹ̀ ti gbẹ dé ìsàlẹ̀. Màlúù méje ti kú nínú àjàgà, mọ́kànlá ṣì dúró. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa lọ sọ́dọ̀ wọn, wọn kò sì mira. Ìgbà náà ni mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó.

Abẹ́ kẹ̀kẹ́ ló wà. Ètè rẹ̀ ti ya, ahọ́n rẹ̀ ti wú. Ó gbé ojú sókè, ó rí láwàní, ó sì fọwọ́ bo orí.

"Zarif," ó ní. "Zarif, má bínú. Má bínú sí mi."

Mo tú láwàní náà, irun mi já wálẹ̀.

"Èmi kọ́ ni Zarif."

"Omi," ó ní.

Shahbaz ti ń tú àgbá wa. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, a kì í fi omi du ajá pàápàá. Ọlọ́run yóò bi wá."

"Èmi ló máa bi, kò ní bi ọ́. Ọ̀tọ̀ ni tàwọn màlúù, wọn ò ṣẹ̀ wá. Fún wọn lómi."

A tẹ́ awọ sínú ihò ilẹ̀, a da omi sí i, a sì tú àwọn màlúù sílẹ̀ nínú àjàgà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò tíì gbọ́ irú ariwo tí màlúù mọ́kànlá tí òǹgbẹ ti fẹ́ pa ń pa bí wọ́n bá ń fa omi mu. Amos gbọ́ ọ. Ó fàyà wọ́ jáde lábẹ́ kẹ̀kẹ́. Mo dúró síwájú rẹ̀.

"Sọ ọ́."

"Sọ kí ni?"

"Ohun tí o ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ nígbà tí ọkọ mi ń kírun."

Ó kọ́kọ́ mi orí. Ó tún wo omi. Ó wá sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, nítorí ahọ́n rẹ̀ kò gbé ọ̀rọ̀ mọ́. "Mo lu wọ́n. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo rò pé omi á tètè tán, á sì padà sílé. Mo kàn fẹ́ kí Merrindale mọ̀ pé ràkúnmí ò ṣeé gbọ́kàn lé. Mi ò fẹ́ kó kú. Mo fi Ọlọ́run búra."

"Bí o bá fẹ́ kó padà sílé, kí lo fi ọ̀rá dí ihò sí?"

Ó gbé ojú kúrò lára mi. Shahbaz, tó wà nídìí àwọn màlúù, ti dúró sójú kan. Ẹkún ló ń sun.

Mo bu omi kọ́ọ̀bù kan fún Amos, nítorí ẹni tí kò lè dìde kò lè rìn. Lẹ́yìn náà mo tú àgbá kékeré sílẹ̀, mo pọn omi kún un, mo gbé e lé e láyà. Omi tú jáde nínú ihò náà sí i lórúnkún.

Mo ní, "Ìka rẹ. Tètè."

Ó ti ìka bọ inú ihò náà. Omi dúró.

"Ọ̀nà Yarrakin nìyẹn. Máìlì méjìdínlọ́gbọ̀n. Àwọn màlúù rẹ mọ̀ ọ́n, tẹ̀ lé wọn. Ọkọ mi rìn jù bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú àgbá òfìfo."

"O fẹ́ pa mí."

"Rárá o. Ìwọ lo mọ bí wọ́n ṣe ń pa èèyàn báyìí. Èmi ń fún ọ lómi ni."

A lọ sí àríwá. Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Ó ti dìde, ó gbá àgbá náà mọ́ra bí ẹni tó ń jó pẹ̀lú obìnrin kúkúrú, ó sì ń tọ àwọn màlúù rẹ̀ lẹ́yìn.

Ọjọ́ mẹ́tàlá la fi lọ tí a fi bọ̀. Shahbaz kò bá mi sọ̀rọ̀ kọjá "ẹ di okùn yìí mú." Ó ń dá búrẹ́dì tirẹ̀ ṣe nínú eérú, ó ń dá a jẹ. N kò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní pa irọ́ fún yín pé ẹ̀rí ọkàn ló ń dà mí láàmú. Mò ń ro ìka náà. Mò ń wò ó lọ́kàn bó ṣe ń kú tipiri, bí Amos ṣe fẹ́ yọ ọ́ sinmi, tí kò lè yọ ọ́, tó fẹ́ mu omi, tó ń bẹ̀rù kí ó má dànù. Ohun kan ṣoṣo tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kí ó má lọ kú sínú igbó, kí àwọn ará Yarrakin má baà rí i.

Wọ́n rí i. Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló wọ ìlú, màlúù mẹ́sàn-án ṣíwájú rẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wú mọ́ inú ihò náà, alágbẹ̀dẹ ló fọ́ àgbá kí wọ́n tó lè yọ ọ́, dókítà sì gé e lọ́jọ́ kẹta. Gbogbo ẹni tó wà ní ilé ọtí ló pé wò ó. Gbogbo wọn ló ti gbọ́ ọ̀rọ̀ àgbá Zarif rí, wọ́n sì rí ihò náà lójú ara wọn wàyí, pẹ̀lú ẹni tó wà nídìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí a dé, Ọlọ́pàá Pruitt sọdá ojú irin wá sílé mi. Kò sọdá rí. Ó mú ìwé dání.

"Amos Kettley ní ẹ fún òun ní àgbá tó lu, nínú ọ̀dá."

"Mo fún un ní àgbá tí omi kún inú rẹ̀, ọ̀gá."

"Ṣùgbọ́n ó lu."

"Àgbá àwa oníràkúnmí ti gbó jù. Kòkòrò ló ń jẹ ẹ́. Àbí ẹ̀yin náà ti wá rò pé èèyàn ló lu ú?"

Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo fa àga fún un.

"Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pé èèyàn ló lu ú, ẹ jókòó, ká jọ kọ orúkọ onítọ̀hún. Shahbaz gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ká sì kọ tèmi náà sí i. Mo ti ṣe tán."

Ó wo ìwé rẹ̀, ó wo Shahbaz tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pa ìwé dé. Ká ní ó kọ ọ́, bóyá wọn ì bá yẹgi fún Amos, bóyá wọn ì bá ti èmi náà mọ́lé. Lóòótọ́ ni mo ti ṣe tán. Òun ni kò ṣe tán.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jókòó ti Amos ní ilé ọtí mọ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn Zarif. Ní ilẹ̀ wa, omi tí ẹlòmíràn rù ni gbogbo wa ń mu, ẹni tó bá sì lè lu àgbá oníràkúnmí lè lu tìrẹ. Ó ta màlúù tó kù fún apẹran. Mo lọ dúró níbẹ̀, mo wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń kó wọn lọ.

Nínú oṣù April, Dorcas, ìyàwó rẹ̀, wá kanlẹ̀kùn mi. Ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́.

"Ìyáàfin Zarif," ó ní. Obìnrin apá ọ̀hún kan kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. "A fẹ́ kó lọ sí Kurrabar, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ aláàárù síbẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbé wa débẹ̀ àfi ẹ̀yin."

Shahbaz ń wò mí. Mo lè kọ̀. Kíkọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi, ó sì dùn.

Mo ní, "Ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín á gun ràkúnmí. Òun á rìn."

"Á rìn," ni Dorcas wí, kíá.

Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni. Ibùsùn wọn, ìkòkò, agogo ara ògiri, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́yìn àwọn ràkúnmí tí Amos ti fi ṣẹ̀sín, òun sì ń bọ̀ lẹ́yìn èyí tó kẹ́yìn pátápátá, tó ń jẹ eruku. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, mo po tíì fún Dorcas àtàwọn ọmọ. Amos dúró lókèèrè. Nígbà tó pẹ́, ó sún mọ́ ìdí àgbá, ó di ọwọ́ tó ní ìka mẹ́rin náà sẹ́yìn.

"Ṣé kí n mu?"

Mo jẹ́ kí ó dúró. Mo di okùn kan, mo tún un dì. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń wò ó. Mo wá ní, "Mu."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán, ní ìrọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò mu ún láìbéèrè, n kò sì dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹta, èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí bàbá rẹ̀ bá ti dìde. Mo rí i. Mo ṣì jẹ́ kí ó dúró.

Ní Kurrabar, Dorcas dì mọ́ mi lọ́rùn. Amos ń gbé ẹrù wọlé, kò wo ẹ̀yìn. A yí àwọn ràkúnmí padà, a sì ti rìn tó máìlì méjì kí Shahbaz tó bi mí bóyá ó ti tó báyìí. Mo sọ òtítọ́ fún un: mo ní kò tíì tó, bóyá kò sì ní tó láé, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo sì fẹ́ lọ sílé.